Ẹ Bi Wá: Ṣé ojúsàájú kọ́ ni wildcard?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn kan ń gbá ìdíje àṣeyege mẹ́ta kí wọ́n tó lè wọ Roland Garros, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ti ilẹ̀ Faransé, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wildcard, ìyẹn àyè ọ̀fẹ́ tí àwọn olùṣètò ń fún ẹni tó bá wù wọ́n, ni wọ́n máa ń bù fún wọn. Ṣé èyí dáa? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ojúsàájú wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ onílé ni onílé máa ń kọ́kọ́ fún. Ṣùgbọ́n wo Loïs Boisson, ọmọ Faransé. Ní 2024, wọ́n fún un ní wildcard, àmọ́ nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan ni iṣan orúnkún rẹ̀ já. Wọ́n tún fún un ní 2025, nígbà tó wà ní ipò 361 lágbàáyé. Ó pàdé Jessica Pegula, gbajúgbajà agbátẹ́níìsì Amẹ́ríkà, ẹni tó gba sẹ́ẹ̀tì (abala) àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, 3-6. Boisson gba méjì tó kù, 6-4, 6-4, ó sì borí. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà! Ó tún na Mirra Andreeva, ọmọ Rọ́ṣíà, kí Coco Gauff, ọmọ Amẹ́ríkà, tó dá a dúró ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, 6-1, 6-2.

Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń pín in, ẹni tí ìpalára lé kúrò lórí pápá ni màá kọ́kọ́ fún.