Ẹja Kì Í Sin Ara Rẹ̀: Ìdáhùn fún Òṣìṣẹ́ Ìjọba Tó Fẹ́ Fi Àrọ̀ Kún Owó Oṣù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni mí, ó ku ọdún mẹ́sàn-án kí n fẹ̀yìn tì. Owó oṣù ò tó mọ́, mo sì ń wá iṣẹ́ àfikún tí kò ní dí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní sísin àrọ̀ ló dára jù torí kò gba àsìkò: kéèyàn da ọmọ ẹja sómi, kó máa fún un lóúnjẹ, tó bá di oṣù mẹ́fà owó ti dé. Mo fẹ́ yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ṣé kí n ṣe kòtò ẹgbẹ̀rún ẹja sẹ́yìnkùlé mi ni, àbí kí n kó owó náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní òun á bá mi sìn ín, tí á fi ogójì náírà lé gbogbo ọgọ́rùn-ún tí mo bá mú wá, láàárín oṣù mẹ́fà? Ṣé òfin tiẹ̀ gbà wá láyè?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jẹ́ ká yára sọ ti òfin ká lè ráyè fún ohun tó ṣe pàtàkì. Àfikún Karùn-ún nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún kò gbọ́dọ̀ máa darí òwò tara rẹ̀, àmọ́ wọ́n yọ iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀. Ẹja sísìn, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni lójú tèmi. Kéèyàn máa ra ẹja ẹlòmíì kó máa tà á, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, òwò ni. Èmi kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà ẹ bi ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín léèrè. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ aládàáni, kó ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ ohun táwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní PP, ìyẹn iṣẹ́ àdáni téèyàn ń ṣe mọ́ iṣẹ́ oṣù, torí iléeṣẹ́ míì kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹja. Nínú méjèèjì tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ má ṣe ọ̀kankan.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí inú ń bí mi sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sin ẹja kò mọ iye tí báàgì oúnjẹ máa jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Kò mọ iye ẹja tó máa kú. Kò mọ iye tí wọ́n máa ra kílò kan lọ́jọ́ tí ẹja bá tó tà. Ta wá ni ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ogójì lórí ọgọ́rùn-ún ni, kò ní dín, kò ní lé? Tó bá san án fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó ẹni tó tẹ̀ lé yín ló fi san án. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba owó ìdókòwò jọ lọ́wọ́ ará ìlú gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ SEC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdókòwò. Ẹ bi í pé níbo ni ìwé náà wà. Tó bá ní ẹja ni òun ń sìn, òun kì í ṣe báńkì, ẹ dìde.

Àmọ́ ká tiẹ̀ ní olóòótọ́ ni, ẹ ṣì máa pàdánù ohun tó níye lórí jù nínú iṣẹ́ àfikún. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ ní. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yìí, owó oṣù ń wọlé, ẹ lè ṣi ẹja sìn lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ pàdánù díẹ̀, kí ebi má sì pa ọmọ yín. Ẹni tó dúró di ìgbà tó fẹ̀yìn tì, owó àjẹmọ́nú ló máa fi kọ́ irú ẹ̀kọ́ yẹn, kò sì ní rí òmíràn rọ́pò rẹ̀. Owó oṣù ló ń ra àǹfààní àṣìṣe kékeré fún yín. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹja fún ẹlòmíì, òun ló máa kọ́ iṣẹ́, owó yín ló sì máa fi kọ́ ọ.

Ní báyìí, irọ́ tó wà nídìí gbogbo rẹ̀: pé ẹja ò gba àsìkò. Ohun tó mú káwọn èèyàn gbà á gbọ́ ni pé àrọ̀ lágídí. Ó ní ẹ̀yà ara kan lókè ẹ̀bátí rẹ̀ (ìyẹn ibi tí ẹja fi ń mí nínú omi), tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, torí náà ó lè gbé nínú omi tó máa pa ẹja míì. Nígbà tí ẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́, ó wà láàyè. Nígbà tẹ́ ẹ dé, ó ṣì wà láàyè. Ẹ wá rò pé kò sí wàhálà. Àmọ́ ká má kú yàtọ̀ sí ká dàgbà. Àrọ̀ tó ń gbé nínú omi burúkú á yé dàgbà, oúnjẹ tó ń jẹ á máa ṣòfò, lóṣù kẹfà ẹ máa bá ẹja tí kò tó ìdajì kílò, bẹ́ẹ̀ owó kílò kan lẹ ti ná lé e lórí.

Ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò láàárọ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tí mò ń sọ. Àrọ̀ tára rẹ̀ le máa ń yọjú sókè, á gba afẹ́fẹ́ mì, á sì wọlẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ò léwu. Èyí tí omi ti bà jẹ́ fún máa ń dúró lóòró bí igi, orí rẹ̀ lókè, ìrù rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ lójú omi, tẹ́ ẹ bá tọwọ́ bọ omi kò ní tètè sá. Oúnjẹ tẹ́ ẹ dà sí i ṣì wà lójú omi lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi á máa rùn. Oúnjẹ àjẹkù àti ìgbẹ́ ẹja ló ti jẹrà, tó di amóníà, ìyẹn oró tó ń jó ẹ̀bátí ẹja. Ẹ dáwọ́ oúnjẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ fa bí ìdajì omi náà jáde láti ìsàlẹ̀, ẹ fi omi tuntun sí i. Ẹ má sáré lọ ra egbòogi tí wọ́n ń tà lọ́jà láti dà sómi. Omi ló ń ṣàìsàn níbẹ̀. Tí ẹja bá ń bá a lọ láti kú lẹ́yìn tẹ́ ẹ pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pe dókítà ẹran. Mi ò rí omi yín, mi ò lè jókòó síbí kí n sọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ sí mẹ́rin kò lè rí èyí bí kò bá ní àsìkò kan pàtó tó ń dúró síbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tẹ́ ẹ fi tì í, tí kò bá rẹ́ni wo ọwọ́ rẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ méjì ló máa dà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè ráyè ṣeré. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun tí màá gbà yín níyànjú nìyí: 300 ẹja péré, kì í ṣe 1,000. Kòtò onísìmẹ́ǹtì tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 2, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà kan, á gba lítà 6,000. Ẹja 50 ni ìyẹn fún mítà onígun kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ògiri tó tó ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lókè omi, kẹ́ ẹ sì fi àwọ̀n bò ó, torí àrọ̀ máa ń fò jáde tí òjò bá rọ̀ lóru, á sì máa fà lórí ilẹ̀ lọ. Ihò ìṣàn omi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Omi ìdọ̀tí náà dára fún ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ má tú u sí gọ́tà aládùúgbò, ìjà ló máa ń dá sílẹ̀. Omi kànga ẹ̀rọ dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kó tú sílẹ̀ láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n ti fi oògùn sí, ẹ jẹ́ kó wà lójú afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ méjì kó tó kan ẹja.

Ẹ má ra fingerlings, àwọn kékeré tó dà bí ìka ọmọdé. Ikú wọn pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Juvenile ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó ti tó gírámù 10, kí wọ́n sì dọ́gba. Àrọ̀ máa ń jẹ ara wọn: èyí tó bá sáré dàgbà, táwọn olùsìn ń pè ní ṣútà, á máa gbé àwọn kéékèèké mì, ẹ ò sì ní rí òkú kankan lójú omi. Ẹ óò kàn ka ẹja lóṣù kẹta, ẹ máa bá 190. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì fún oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ ṣà wọ́n, kẹ́ ẹ ya àwọn ńlá sọ́tọ̀. Ọjọ́ Sátidé ló bá òṣìṣẹ́ mu. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Oúnjẹ: láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, àti nírọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá dé. Ẹja 300 tó jẹ́ gírámù 10, kílò 3 ni gbogbo wọn. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn, ìyẹn gírámù 150, ni oúnjẹ wọn lójúmọ́. Tí wọ́n bá tó gírámù 300, ìdá mẹ́ta ti tó, ìyẹn kílò 2.7 lójúmọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín in kù sí ìdá méjì. Ẹ fi oúnjẹ tí hóró rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2 bẹ̀rẹ̀, ẹ máa lọ sí 3, 4, 6 bí ẹnu wọn ṣe ń fẹ̀. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ bu ogún ẹja sínú korobá, ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ pín in, kẹ́ ẹ tún oúnjẹ ṣírò. Nígbà ọyẹ́, tí omi bá tutù, wọn ò ní jẹun dáadáa. Ẹ má fi dandan dà á sí i.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò owó. Kí ẹja tó di kílò kan, tí oúnjẹ bá dára, tí omi sì dára, á jẹ bíi kílò 1.3. Bí 270 bá yè nínú 300, nǹkan bíi kílò 350 oúnjẹ ni, báàgì oníkílò 15 mẹ́rìnlélógún. Ẹ mú owó báàgì kan, ẹ fi 15 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.3, kẹ́ ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po kan àtààbọ̀ torí ọmọ ẹja, omi, epo jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó máa kú. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, tí báàgì bá jẹ́ ₦30,000, kílò ẹja kan ti ná yín tó ₦3,900. Bí àwọn tó wá ra lójú kòtò bá ń sọ iye tó kéré sí iyẹn ládùúgbò yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ra á ní ₦4,500, èrè kílò 270 jẹ́ ₦162,000.

Ẹ wá ṣírò àsìkò, èyí tí kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 180, àti wákàtí méjì lọ́sẹ̀ fún omi àti ìṣàyẹ̀wò: nǹkan bíi wákàtí 230. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, wákàtí kan ń pa bíi ₦700. Kò pọ̀, mi ò sì ní tàn yín jẹ. Àmọ́ bí ẹja bá di 600, àsìkò ò ní di ìlọ́po méjì, torí ìrìn yín sí kòtò kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí ìpele àkọ́kọ́ fi jẹ́ ti ẹ̀kọ́, tí èrè gidi sì ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹja kò kú lọ́wọ́ yín mọ́.

Owó alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó oṣù yín lóṣù tó ń bọ̀, ẹja kò sì ní mú kọ́bọ̀ wá títí di oṣù kẹfà. Báàgì tó pọ̀ jù nínú mẹ́rìnlélógún yẹn ni wọ́n máa jẹ lóṣù karùn-ún àti ìkẹfà, ibẹ̀ gan-an lowó ti máa ń tán lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n á wá ta ẹja gírámù 500 ní ẹ̀dínwó. Ẹ fi oṣù mẹ́rin tọ́jú owó oúnjẹ kẹ́ ẹ tó ra ẹja. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà: ẹ ṣí àkáǹtì ẹja sọ́tọ̀, ìwé ìṣirò sọ́tọ̀. Ẹ wá oníbàárà látoṣù kẹrin, àwọn alásè pẹpẹsúùpù àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja yíyan, torí ẹja tó ti tó tà ń jẹun lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ fi ń wá ẹni tó máa rà á. Ẹ ní òṣùwọ̀n tiyín, ẹ má gbára lé ti oníbàárà nìkan.

Kòtò sìmẹ́ǹtì tuntun kò ṣeé da ẹja sí lójú ẹsẹ̀, torí oró inú sìmẹ́ǹtì máa ń pa wọ́n. Ẹ pọn omi kún un, ẹ dà á nù, ẹ tún pọn ọ́n, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, ẹ máa jí láago márùn-ún àbọ̀, ẹ lọ dúró níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí bí ẹni pé ẹja wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá tibi iṣẹ́ dé, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí ẹ ní ìpàdé, ọjọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá yín dúró, tàbí ọjọ́ Sunday. Ẹ máa sàmì sórí kàlẹ́ńdà. Tó bá lé ní ọjọ́ méjì tẹ́ ẹ pa jẹ, ẹ má tíì ra ẹja.