Èsì: Ṣé ìsinmi ọjọ́ Ẹtì máa dín epo jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì wa kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ó máa dín in kù, àmọ́ àfi kí ẹ ti ọ́fíìsì pa pátápátá lọ́jọ́ náà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gba ìsinmi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ amúlétutù ò ní sinmi, jẹnẹrétọ̀ náà ò ní sinmi.

Ohun tí Microsoft ṣe ní Jàpáánì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 nìyẹn: wọ́n tilẹ̀kùn ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọn ò gé owó oṣù. Iná tí wọ́n ń lò fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, bébà tí wọ́n ń tẹ̀ sì dín kù ju ìdajì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé owó ẹnikẹ́ni. Ẹni tówó ẹ̀ bá dín kù á wá iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ni yóò sì wọ̀ débẹ̀, epo á tún jó lójú ọ̀nà.