Ìbéèrè Yín: Fọ́ǹtì Tó Dà Bí Ìkọ̀wé Ọwọ́ Lórí Ìwé Ìpè Ìgbéyàwó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Atẹ̀wé kan fi fọ́ǹtì tí lẹ́tà rẹ̀ so mọ́ra wọn, bí ẹni pé wọ́n fi gègé kọ ọ́, ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ mi. Ó wù mí púpọ̀, ṣùgbọ́n àmì orí orúkọ àwọn ọmọ náà dàrú, bàbá wọn kò sì rí àdírẹ́sì kà. Atẹ̀wé ní kí a yọ àwọn àmì náà kúrò. Ṣé kí n gbà? — Ìyá Ìyàwó, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra, ìyá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà. Bí wọ́n bá yọ àmì kúrò lára “ọkọ”, “oko” ni yóò kù lórí ìwé ìpè ọmọ yín, orúkọ tí ẹ sì sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ yóò di ohun tí àlejò ń méfò. Fọ́ǹtì ni kí ẹ pààrọ̀.

Ọwọ́ àwọn akọ̀wé Yúróòpù àtijọ́ ni irú fọ́ǹtì yìí tẹ̀lé. Gègé ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n ń lò: bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ìlà á sanra; bí wọ́n bá fà á sókè, á tín-ín-rín bí irun. Ọ̀kan nínú wọn ni fọ́ǹtì Snell Roundhand tí Matthew Carter, ẹni tó ń ṣe fọ́ǹtì, ṣe ní àwọn ọdún 1960, ọwọ́ Charles Snell, olùkọ́ ìkọ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wò ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú fọ́ǹtì yìí kò ro ti èdè wa. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà oríṣiríṣi èdè mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún Ọ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti gbé àmì ohùn lé Ọ lórí, bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sì ṣètò ibi tí àmì náà yóò jókòó, á fò lọ sórí lẹ́tà mìíràn. Bí fọ́ǹtì kò bá tilẹ̀ ní ṣ, kọ̀ǹpútà á yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn, á sì dúró gbagidi bí àjèjì láàárín àwọn tó so mọ́ra. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ó tẹ “Ọ̀ṣun Òṣogbo” kí ẹ rí i. Fọ́ǹtì tó bá kọ ìyẹn dáadáa ló yẹ yín.

Ní ti àdírẹ́sì, bàbá jàre. Orúkọ ọkọ àti ìyàwó ni kí ẹ fi fọ́ǹtì yìí kọ, kí ó tóbi dáadáa, nítorí ìlà tín-ín-rín a máa parẹ́ bí ó bá kéré, pàápàá bí ẹ bá fi àwọ̀ wúrà tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́, aago, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù, fọ́ǹtì olóòró tó mọ́ lójú ni kí ẹ lò. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ odindi orúkọ: ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni a ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún, ìrù wọn á lọ́ mọ́ra. Ẹ má sì fi fọ́ǹtì yìí kọ pátákó tí ẹ óò fi júwe ọ̀nà ní oríta Ọláìyá. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kò ní àyè láti túmọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí fọ́ǹtì tó gbé àmì wa, ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára, kí ó fi gègé kọ orúkọ méjèèjì sórí bébà funfun pẹ̀lú gbogbo àmì wọn, kí atẹ̀wé sì yà á sínú kọ̀ǹpútà.