Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Pípàṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń kọ ohun tí a sọ

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mí ní Kétu, èdè Faransé ni mo sì fi ń sọ àkọsílẹ̀ ìpàdé wa sínú Google Docs, ìyẹn ètò Google tí a fi ń kọ ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá sọ “virgule”, ó ń fi àmì sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ “gras” kí lẹ́tà lè nípọn, ńṣe ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Àwọn àmì bíi “point” àti “virgule” ṣiṣẹ́ ní Faransé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń pa àṣẹ tó ń yí ìrísí lẹ́tà padà, èdè àkáǹtì Google yín àti ti ìwé náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó lè sọ “select last word” (yan ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn), kí ẹ dánu dúró díẹ̀, kí ẹ wá sọ “bold” (lẹ́tà tó nípọn). (Èyí kò dára tó fún àwa ará orílẹ̀-èdè Benin.) Ní tèmi, ẹ sọ àkọsílẹ̀ náà tán ní Faransé, lẹ́yìn náà kí ẹ yan àkòrí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì lẹ́tà tó nípọn lókè ojú ìwé.