Òróró Ẹ̀pà Nínú Ọ̀dà: Kí Ló Dé Tí Tòmátò Ò Gbẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi ọ̀dà olóróró ya tòmátò, ata rodo àti ìkòkò amọ̀ kan tí mo rà ní Dada, ní Òkelele, Ìlọrin. Òróró línsíìdì tí mo fi ń po ọ̀dà tán lọ́wọ́ mi, ni mo bá fi òróró ẹ̀pà po ọ̀dà tòmátò. Ó pé oṣù méjì, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ìkòkò gbẹ ní tiẹ̀, àmọ́ ó ti ń sán wẹ́wẹ́: òróró pọ̀ nínú ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀, tọ́pẹ́ńtáìnì, omi tí a fi ń la ọ̀dà, ló pọ̀ nínú tòkè. Ṣé kí n gbé e sóòrùn? (Òǹkàwé kan, Ọ̀fà)

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e sóòrùn rárá. Ojú rẹ̀ á gbẹ, inú á ṣì tutù, á wá hunjọ.

Ọ̀dà olóróró kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá. Òróró línsíìdì ń fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìyẹn ló ń sọ ọ́ di líle. Òróró ẹ̀pà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó pẹ́ ọdún kan, á ṣì máa lẹ̀. Ó dunni, àmọ́ àfi kí ẹ fi ọ̀bẹ ọ̀dà ha tòmátò náà kúrò, kí ẹ fi àkísà àti tọ́pẹ́ńtáìnì díẹ̀ nù ún dé kánfáàsì, aṣọ tí ẹ ya àwòrán sí. Kẹrosíìnì kọ́ o. Ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀.

Ní ti ìkòkò, ìsàlẹ̀ tó lóróró ṣì ń sún lábẹ́ òkè tó ti le, òun ló ń fà á ya. Ẹ ha òun náà. Ìpele àkọ́kọ́, ọ̀dà àti tọ́pẹ́ńtáìnì nìkan, kó fẹ́lẹ́. Ìkejì, ọ̀dà bó ṣe ti inú túùbù jáde. Ìkẹta ni kí ẹ tó kán línsíìdì sí i, ẹ̀kán kan tàbí méjì sí ọ̀dà tó kún ṣíbí kékeré. Ẹ jẹ́ kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó lé òmíràn lé e. Ámbà, àwọ̀ búráùn tí ẹ fi ń ya ìkòkò, máa ń tètè gbẹ. Pupa àlísárínì máa ń pẹ́, ẹ má fi í sísàlẹ̀.

Ẹ ra tòmátò tuntun, kí ẹ sì ya òun àti ata ṣáájú, torí ìkòkò kò ní rọ dè yín. Òjìji tòmátò, ẹ má fi dúdú pò ó. Àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú pupa náà ló ń jẹ́ kó rí roboto.

Inú yàrá tó nímọ́lẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀ ni kó ti gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ògiri nítorí eruku. Ó kéré tán, ẹ dúró oṣù 6 kẹ́ẹ tó fi fáníìṣì sí i.

Àkísà tó bá ní línsíìdì lára, ẹ má ká a jọ sí kọ̀rọ̀. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ débi tó fi lè gbiná. Ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ tó dà á nù.