Ohun tí ojú mi rí lórí ìlànà ìrẹsì

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ìdí tí ẹgbẹ́ òṣèlú APC, tó ti ẹnu ibodè nítorí ìrẹsì, fi padà wá ṣílẹ̀kùn fún oúnjẹ òkèèrè, ọ̀rọ̀ yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ìrẹsì ni mo ń bó tà ní Ìgbẹmọ-Èkìtì.

Nígbà tí ìjọba Buhari ti ibodè ní oṣù Kẹjọ 2019, inú wa dùn dọ́ba. Àwọn oníbàárà láti Adó, tí wọ́n máa ń ṣàròyé pé òkúta pọ̀ jù nínú ìrẹsì wa, wá ń dé ẹnu ọ̀nà wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi ra ẹ̀rọ tó ń ṣa òkúta. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ tan án, òkúta wẹ́wẹ́ ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìrẹsì ń ṣàn sí ìkejì. Ìyàwó mi bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ, kò sì rí ẹyọ òkúta kan níbẹ̀. Mo san gbèsè yẹn tán. Ìyẹn ló kì mí láyà tí mo tún fi yá òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 láti ra ìrẹsì eléèpo pamọ́, ní ọ̀wọ́n gógó.

Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ APC kan náà ti ń yíjú padà. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Báńkì Àpapọ̀ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tí kò jẹ́ kí àwọn tó ń kó ọjà 43 wọlé, tí ìrẹsì wà lára wọn, rí dọ́là rà lọ́wọ́ báńkì. Ní oṣù Keje 2024, ìjọba kéde 150 ọjọ́ tí wọn kò ní gba owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí àgbàdo, ẹ̀wà, àlìkámà àti ìrẹsì tí a kò tíì bó tán. Ọkọ̀ kankan kò tíì gúnlẹ̀ tí àwọn oníbàárà mi fi ní àwọn yóò dúró ná kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Èlé kò dúró ní tirẹ̀.

PDP náà ṣe irú rẹ̀. Lábẹ́ Yar'Adua ní 2008, nígbà tí oúnjẹ wọ́n káàkiri àgbáyé, wọ́n yọ owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí ìrẹsì fún oṣù mẹ́fà. Lábẹ́ Jonathan ní 2013, wọ́n gbé e dé 110%. Ohun tó yé mi ni pé nígbà tí ebi bá ń pa ará ìlú, àwọn tó ń ra ìrẹsì pọ̀ ju àwa tí à ń bó o lọ, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ẹgbẹ́ yóò tẹ̀ sí. Èmi kò bá wọn jà lórí ìyẹn, nítorí pé àwọn ọmọ mi náà ń jẹun. Ohun tó dùn mí wọra ni pé wọn kò fún àwa tí a yáwó nítorí ọ̀rọ̀ wọn ní àsìkò kankan láti palẹ̀ mọ́.

Ní báyìí, ìrẹsì tí oníbàárà bá ti san ìdajì owó rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni mo ń bó.