Agbára kọ́ìlì ẹ̀rọ ìjórin kì í tán: ẹ yẹ ibi 220/380 wò kí ẹ tó fowó sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kétu ni mo ń gbé. Ìjórin kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mi, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, mo fi ń ṣe àga àti géètì nínú ilé. Mo ra ẹ̀rọ ìjórin àtijọ́ kan tó ti ilẹ̀ Faransé wá, èyí tó wúwo, tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí lórí. Tí mo bá tàn án, ó ń kùn, àmọ́ bàgẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń jó irin pọ̀) kàn ń lẹ̀ mọ́ irin ni, iná kì í ràn. Ẹnì kan tó ń tún dínámò ṣe ní agbára kọ́ìlì ti tán, pé ká tú u ká wé òmíràn. Ó ní bí owó bá ṣòro, ká da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i ná. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì.

Láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ "agbára kọ́ìlì ti tán" yìí ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó sì ń bí mi nínú. Kọ́ìlì, tí ẹlòmíràn ń pè ní bọbíìnì, kì í ṣe bátìrì. Wáyà tí wọ́n wé yí irin ká ni, tí wọ́n fi fáníìṣì bò kí ó má baà kan ara rẹ̀. Kò sí agbára kankan tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ tó lè tán. Nǹkan mẹ́ta ló lè bà á jẹ́, gbogbo wọn ló sì ní àmì. Ó lè já: tó bá já níbi tí iná ti ń wọlé, ẹ̀rọ kò ní kùn rárá. Fáníìṣì lè jóná kí wáyà kan wáyà: nígbà náà ẹ̀rọ yóò máa gbóná láìtíì jó irin kankan, òórùn jíjóná yóò máa jáde, dísíjọ́ńtọ̀ (ohun tó ń gé iná fúnra rẹ̀) yóò sì máa já. Ó sì lè kan ara àpótí rẹ̀: èyí ni yóò máa gbé ènìyàn. Ẹ̀yin ò sọ ìkankan nínú àwọn àmì yìí fún mi. Ó ń kùn, kò ràn, ó tán.

Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára iná pátápátá, kí ẹ wá ka àwo irin tó wà lára ẹ̀rọ náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ẹ ó rí 220/380 V níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn ló lè gba iná méjèèjì: 220 láàrin wáyà iná kan àti nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà), 380 láàrin wáyà iná méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, tàbí lábẹ́ ìdérí kékeré kan, pẹlẹbẹ bàbà tí nọ́ọ̀tì dè mọ́lẹ̀ wà, tàbí wáyà kan tí wọ́n lè ṣí kúrò ní ibi tí wọ́n kọ 380 sí lọ sí 220. Bó bá jẹ́ wọ́ksọ́ọ̀pù ńlá ló ti wá, ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lórí 380. Ẹ wá wo ohun tíyẹn ń ṣe. Ká ní U0 ara àwo náà, ìyẹn fóltì tó yẹ kó jáde nígbà tí ẹ kò tíì jó nǹkan, jẹ́ 50 V. Tí ẹ bá fi iná 220 sí ibi tí wọ́n ṣètò fún 380, nǹkan bíi 29 V ló máa jáde. Ẹ̀rọ yóò kùn dáadáa, bàgẹ́ẹ̀tì yóò sì lẹ̀ pinpin. Ẹ gbé e sí 220, kí ẹ mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Ẹ má ṣi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú ṣá: tó bá wà lórí 220 tí ẹ fi 380 sí i, kọ́ìlì yóò jóná lóòótọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ ki pulọ́ọ̀gì padà, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n, kó wà ní ibi V tó ní àmì ~, ẹsẹ̀ kan lára ohun tó ń di bàgẹ́ẹ̀tì mú, ìkejì lára másì (ohun tó ń gbá irin tí ẹ fẹ́ jó mú), kí ohunkóhun má kan ara wọn. Tí iye tí ẹ rí bá súnmọ́ U0 tó wà lára àwo, kọ́ìlì ò ṣe nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Tó bá ṣì ń lẹ̀, ẹ wo wáyà ìfàgùn yín. Ralọ́ńjì 50 mítà tí wáyà rẹ̀ jẹ́ 1.5 mm² máa ń jẹ bíi 23 V nínú iná yín nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fa 20 A. Tó bá jẹ́ 6 mm², bíi 6 V péré ni. Ẹ sì tú u tán kúrò lára àgbá rẹ̀, nítorí tó bá wà ní wíwé, yóò gbóná títí rọ́bà rẹ̀ yóò fi yọ́. Ẹ fi fáìlì ha ibi tí másì ń gbá mú títí yóò fi dán. Ọ̀dà tí wọ́n kùn kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ gé orí wáyà tó ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé, kí ẹ tún ẹnu rẹ̀ dè.

Ti bàgẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà ara rẹ̀ ló ń sọ irú rẹ̀: 6013 oníwọ̀n 2.5 mm, láàrin 60 sí 90 A, ni kí ẹ fi dán an wò. 7018 kò dára fún ẹ̀rọ tí U0 rẹ̀ jẹ́ 50 V. Tí 6013 bá ti fa omi, ẹ sá a sínú ààrò tó tó 110°C fún wákàtí kan.

Ọ́ìlì ńkọ́? Rárá o. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń kó eruku irin jọ sára kọ́ìlì, ó sì lè gbiná. Ẹ má sì fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ inú rẹ̀ láìwò ó. Ọdún 1997 ni ilẹ̀ Faransé fòfin de amíáńtì (òkúta onífọ́nrán tí iná kì í jó); ẹ̀rọ tó ṣáájú ìgbà yẹn lè ní páálí tàbí aṣọ funfun onífọ́nrán tó jẹ́ amíáńtì, eruku rẹ̀ a sì máa fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ dé e padà.

N kò rí ẹ̀rọ náà lójú, nítorí náà mi ò lè dá a láre tán. Tó bá gbé yín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má tàn án mọ́. Ẹ gbé e fún oníná tó ní mítà oní-500 V tí wọ́n fi ń yẹ ìbòrí wáyà wò: kí ó kà 2.5 mega-ohm ó kéré tán, láàrin kọ́ìlì àti àpótí. Wáyà aláwọ̀ ewé òun yẹ́lò, ìyẹn wáyà ilẹ̀, sì gbọ́dọ̀ dè mọ́ àpótí náà gírígírí.

Tó bá wá hàn gbangba pé kọ́ìlì jóná, ẹ gbé ẹ̀rọ lé òṣùwọ̀n kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó máa wé e. Àwọn kan máa ń kó bàbà lọ, wọn a fi alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Alumíníọ̀mù tó nípọn bíi bàbà kò lè gbé ju nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 iná tí bàbà ń gbé, èyí tó sì nípọn tó kì í wọ ihò irin náà. Ẹ gba bàbà àtijọ́ padà, kí ẹ sì tún ẹ̀rọ náà wọ̀n kí ẹ tó sanwó.